Ẹ Jẹ́ Kí Ìròyìn Kíláàsì Máa Délé

Ọ̀rọ̀ ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a gbé wá sójú ìwé yìí lóṣù yìí, ọmọ ọdún mẹ́fà títí dé mọ́kànlá, tó ń gbé báàgì kọ́ èjìká láràárọ̀ tí a kì í sì í rí mọ́ títí di ọ̀sán. Wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ni ó ń lò lọ́dọ̀ ẹlòmíràn lójoojúmọ́. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí i níbẹ̀? Ta ni ó jókòó tì í? Èwo ni ó yé e nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ, èwo ni kò yé e? Ǹjẹ́ inú rẹ̀ máa ń dùn bí ó bá ń wọ kíláàsì, àbí ẹ̀rù máa ń bà á?

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ òbí ní ìbéèrè wọ̀nyí, ohun tí wọn yóò sọ ni pé, “A ti san owó, a ti ra ìwé, a ti rán aṣọ iléèwé. Ó kù sọ́wọ́ tíṣà.” Wọ́n gbìyànjú lóòótọ́, nítorí owó kò rọrùn láti rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé aṣọ ọdún fún télọ̀ pàápàá a máa yà síbẹ̀ lọ wò ó bóyá wọ́n ti gé e, kí ọdún tó ku ọ̀la. Ṣé aṣọ ló wá ṣe pàtàkì ju ọmọ lọ ni?

KÁÀDÌ A MÁA PẸ́ KÍ Ó TÓ DÉ

Sáà mẹ́ta ni ọdún ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ wa. Èkínní ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ó sì ń parí nígbà Kérésìmesì. Èkejì ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní títí di àkókò Ọdún Àjíǹde, ẹ̀kẹta a sì parí ní oṣù keje. Òpin sáà ni ọmọ ń mú káàdì wálé. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé, 40 nínú 100 máàkì jẹ́ ti iṣẹ́ àti ìdánwò kéékèèké tí ọmọ ti ṣe láàárín sáà, 60 yòókù sì jẹ́ ti ìdánwò ìparí. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Nígbà tí káàdì bá fi dé ọwọ́ bàbá, gbogbo 100 náà ti lọ. Bàbá lè bínú, ó lè na ọmọ, ó lè fi ẹran inú ọbẹ̀ dù ú, kò sí máàkì kan ṣoṣo tí yóò padà wá.

Káàdì kì í sì í sọ ìdí ọ̀rọ̀. Yóò sọ pé ọmọ gba 28 nínú ìṣirò, kò ní sọ pé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdajì àti ìdámẹ́rin ni ọ̀nà ti pòórú mọ́ ọn lójú. Yóò sọ pé ó gbé ipò kọkànlélọ́gbọ̀n, kò ní sọ pé ẹnì kan ń gba oúnjẹ rẹ̀ jẹ ní àkókò ìsinmi.

A mọ ọmọkùnrin kan tó wà ní kíláàsì kẹta, tí káàdì rẹ̀ burú fún sáà méjì léra. Wọ́n ti ń pè é ní olódo nílé, àbúrò rẹ̀ pàápàá ti kọ́ orúkọ náà. Ìyá rẹ̀ mọ ohun kan nípa rẹ̀: bí ó bá fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n, iwájú rẹ̀ gan-an ni ó ń lọ dúró sí, wọ́n á sì máa lé e kúrò níbẹ̀. Tíṣà rẹ̀ náà mọ ohun kan: ẹ̀yìn ni wọ́n fi ọmọ náà sí nítorí pé ó ga, kì í sì í wo ojú pátákó kọ̀wé, ìwé ẹnìkejì rẹ̀ ni ó máa ń wò kọ. Ìyá rò pé oríkunkun ni, tíṣà rò pé ọ̀lẹ ni. Ìdajì ìròyìn wà nílé, ìdajì wà ní kíláàsì, ọdún ẹ̀kọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí òjò tó dá àwọn méjèèjì dúró pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà iléèwé lọ́jọ́ kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀ tó wá hàn pé ojú ọmọ náà ni kò ríran jìnnà. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ó gba awò, wọ́n gbé ìjókòó rẹ̀ wá síwájú, ó sì ti ń ṣe dáadáa. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ti sọ ọ́ ńkọ́? Ó ṣì ń dáhùn sí i nínú ọkàn rẹ̀. Bí a bá pe ọmọ náà pé kí ó wá kàwé níwájú àwọn ènìyàn títí di òní, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀.

NÍBO NI ÀṢÀ ÀÌBÉÈRÈ TI WÁ?

Ní January 17, 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí olóògbé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà ní iléèwé lọ́dún náà lé ní 800,000, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ kò tó 500,000. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà láàárín wa kò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá ti kan etí, ọmọ tó iléèwé lọ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ bàbá àgbẹ̀ àti ìyá ọlọ́jà tó fa ọmọ lé tíṣà lọ́wọ́ nígbà náà kò di gègé mú rí. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún tíṣà débi pé wọ́n ka ìbéèrè sí àfojúdi. Síbẹ̀ ìròyìn ń dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí pé àdúgbò kan náà ni tíṣà ń gbé. Ó ń rí bàbá ọmọ lójú ọ̀nà oko, ó ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n jọ ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí ọmọ bá sá kúrò ní kíláàsì lọ pa ẹyẹ lóko, ilé ti gbọ́ kí ó tó dé.

Lónìí, ọ̀tọ̀ ni òpin ìlú tí tíṣà ń gbé, ọ̀tọ̀ ni ti òbí. Ìyá ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, bàbá ń wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn. Ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà rìn láyé ìjọ́hun ti dí, ṣùgbọ́n àṣà àìbéèrè kò kúrò lára wa. Ibi tí ewu wà nìyẹn.

Ẹ rántí Hánà, ìyá Sámúẹ́lì. Ó fa ọmọ lé Élì lọ́wọ́ pátápátá, síbẹ̀ kò sí ọdún tí kì í dá aṣọ kékeré, kí ó mú un lọ fún un. Ẹni tí kò bá bèèrè bí ọmọ ti ga sí, báwo ni yóò ṣe mọ ìwọ̀n aṣọ tí yóò dá? Abèèrè kì í ṣìnà.

ÈDÈ TÍ ỌMỌ FI Ń RÒYÌN

Ọmọ fúnra rẹ̀ ni oníròyìn àkọ́kọ́ tí a ní, èdè tí ó sì ń gbọ́ ní kíláàsì ṣe pàtàkì sí bí yóò ṣe ròyìn fún wa. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní iléèwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ni aṣáájú ètò náà. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta péré kí wọ́n tó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé fún ọdún mẹ́fà kò gbẹ́yìn rárá. Wọ́n mókè nínú iṣẹ́ wọn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn kan ti ń bẹ̀rù pé yóò bàjẹ́ mọ́ wọn lẹ́nu.

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1977 fàyè sílẹ̀ fún èdè àbínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lò ó jálẹ̀ ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà ti 2022 náà, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ. A kò fẹ́ dá sí àríyànjiyàn yẹn lójú ìwé yìí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti jẹ́ èdè kíláàsì, iṣẹ́ ògbufọ̀ ti di ti ilé.

Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Ọmọ dé, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ nípa òjò ní Gẹ̀ẹ́sì lérèfèé, bí ẹni ń kọrin. Ẹ ní kí ó jókòó. Ẹ sọ fún un pé, “Wá sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, kí ó yé èmi náà.” Bí ó bá lè ṣàlàyé bí oòrùn ṣe ń fa omi láti inú odò, tí ó ń di ìkuukùu lókè, tí ó sì ń padà wá sílẹ̀ bí òjò, iṣẹ́ náà ti wọ inú rẹ̀. Bí ó bá ń ta kókó, tí ó ń pa dà sí Gẹ̀ẹ́sì ṣáá, ó há a sórí ni, kò yé e. Ẹ wá rí i pé ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè dán ọmọ wò ju ẹni tó gbọ́ ọ lọ, nítorí pé ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè jẹ́ kí ohùn dídùn tan òun jẹ.

ÌYÁ TÍ KÒ KÀWÉ LÈ YẸ ÌWÉ ỌMỌ WÒ

Àwọn ìyá kan ti sọ fún wa pé, “Pásítọ̀, èmi tí mi ò kàwé, kí ni mo fẹ́ wò nínú ìwé ọmọ mi?” Ó pọ̀, màmá. Ẹ jẹ́ kí á jọ ṣí i.

Ẹ kọ́kọ́ wo bíró pupa. Àmì tó tẹ̀ bí ìwọ̀ tí a fi ń pẹja túmọ̀ sí pé ọmọ gbà á. Àmì bí igi méjì tó dábùú ara wọn túmọ̀ sí pé kò gbà á. Bí ojú ewé mẹ́ta bá tẹ̀ léra tí ó kún fún igi tó dábùú, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Bí bíró pupa kò bá sí níbẹ̀ rárá láti ìgbà pípẹ́, ọmọ ń kọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ máa ń dá dúró ní agbede ojú ewé lójoojúmọ́. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ kò yá, ó sì lè jẹ́ pé kò rí pátákó. Ẹ fi okùn tàbí pépà há ibi tí iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Ìsinmi yìí. Bí ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ bá dé tí ìwé náà kò tíì kúrò níbẹ̀, ẹ bèèrè bóyá ọmọ ni kò sí ní kíláàsì tàbí olùkọ́ ni kò wá.

Ẹ yẹ báàgì wò pẹ̀lú. Pẹ́ńsù tó ń sọnù lójoojúmọ́, oúnjẹ tó ń padà wálé láìjẹ, bọ́tìnnì ẹ̀wù tó já lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìròyìn ni gbogbo wọn.

Bí a bá sì fẹ́ gbọ́ láti ẹnu ọmọ, ẹ jẹ́ kí á tún ìbéèrè wa ṣe. “Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?” kì í mú nǹkan kan wá. “Kò sí” ni ọmọ yóò fi dáhùn. Ẹ bi í pé, “Ta ni tíṣà pè síwájú pátákó lónìí? Kí ni ó ṣe níbẹ̀? Kí ni ó pa yín lẹ́rìn-ín? Ta ni kò wá? Ta ni ẹ jọ jẹun?” Ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Nínú ìtàn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí ohun tí ó bá sọ na ẹgba sí i lára lójú ẹsẹ̀ o. Ọmọ tí òtítọ́ bá kó sínú ẹgba lẹ́ẹ̀kan, àwa ni a ti ilẹ̀kùn ìròyìn mọ́ ara wa.

Ẹ má sì gbára lé ẹnu ọmọ nìkan. Olùkọ́ a máa sàmì sí rẹ́jísítà láàárọ̀ àti ní ọ̀sán. Ọmọ lè jáde nílé láago méje kí ó má dé iléèwé. Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ pé ojúṣe òbí ni láti rí i pé ọmọ ń lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, tí ó sì parí wọn. Ẹ lọ bèèrè iye ìgbà tí ọmọ yín pa iléèwé jẹ ní sáà yìí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ̀YIN OLÙKỌ́, Ẹ FETÍ SÍ WA

A mọ̀ pé ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì yín, owó oṣù kò sì tó nǹkan. A kò ní kí ẹ máa kọ lẹ́tà gígùn. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí òbí yóò gbọ́ lẹ́nu yín ní sáà kan jẹ́ ọ̀rọ̀ rere. “Ọmọ yín ka ìwé sókè lónìí, ohùn rẹ̀ já geere.” “Ọmọ yín fún ẹnìkejì rẹ̀ ní bíró.” Bí ọmọ 40 bá wà ní kíláàsì, tí ẹ sì sọ ti ọmọ méjì lóòjọ́, ogún ọjọ́ ìwé ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré. Nígbà tí ẹ bá wá ní ẹjọ́ rò, òbí kò ní sá fún yín, nítorí pé ó ti mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ọmọ òun.

Ẹ má ṣe fi ọmọ rán iṣẹ́ ẹjọ́ ara rẹ̀. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í sábà dé ibi tí a rán an. Inú igbó tàbí inú gọ́tà ni ó ń sùn.

Ní ayé òde òní, àwọn òbí kíláàsì kan a máa kóra jọ sórí WhatsApp pẹ̀lú tíṣà wọn. Ohun tó dára ni. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ fi ohùn yín sọ ọ́ ní Yorùbá láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ìyá tí kò mọ̀wé lè gbọ́ ọ níbi tó ti ń ta ata. Ọjọ́ ìdánwò, iṣẹ́ àṣetiléwá, ọjọ́ ìpàdé, gbogbo èyí yẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó tọ̀ sára, ọmọ tí a bá lọ́wọ́ olè, ọmọ tí kò tíì san owó, ẹ má dárúkọ wọn lójú gbogbo ènìyàn. Òbí wọn nìkan ni ẹ pè. Ohun tí 40 ilé bá gbọ́ lálẹ́, 40 ọmọ ni yóò máa fi kọrin lọ́la.

ILÉ NÁÀ NÍ ÌRÒYÌN TIRẸ̀

Bí a ṣe fẹ́ kí kíláàsì ròyìn fún ilé, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ilé ròyìn fún kíláàsì. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà ní ọsibítù, ọmọ tí wọ́n lé kúrò nínú ilé tí wọ́n ń gbé, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú, ara rẹ̀ nìkan ni ó wà ní kíláàsì, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí tíṣà kò bá mọ̀, yóò kà á sí àìgbọràn.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀yin ni a tún bẹ̀ jù. Àwọn kan ń fi í pa mọ́ nítorí ìtìjú. Ọmọ náà nílò omi mímu nígbà gbogbo, òtútù kò dára fún un, àṣejù eré sísá sì lè dá ìrora sílẹ̀ fún un nínú egungun. Tíṣà tí kò mọ̀ lè sọ pé omi tó ń bèèrè ti pọ̀ jù, ó lè ní kí ó sáré yí pápá ká, ó lè mú un dúró sínú òjò nítorí pé ó pẹ́ dé. Ta ni ẹ ó dá lẹ́bi bí ọmọ bá dákú? Ẹ lọ bá olùkọ́ lọ́tọ̀, ẹ sọ fún un, ẹ fi nọ́ńbà tẹlifóònù yín sílẹ̀ fún un.

KÍ SÁÀ YÌÍ TÓ PARÍ

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe. Èkínní, kí bàbá tàbí ìyá mọ orúkọ olùkọ́ ọmọ, kí ó sì lọ kí i nígbà tí ọ̀ràn kankan kò tíì ṣẹlẹ̀. Èkejì, kí ẹ yan alẹ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ ó máa ṣí báàgì ọmọ pẹ̀lú rẹ̀, láìsí ẹgba nítòsí. Ẹ̀kẹta, kí ẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn òbí àti olùkọ́. Kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n ń dá níbẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má fi ti ìpàdé náà sílẹ̀ fún ìyá nìkan. Ọmọ máa ń mọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá.

Bí ẹ bá sì dé kíláàsì tí ẹ rí ìjókòó ọmọ yín, ẹ jókòó sórí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì wo pátákó láti ibẹ̀. Ẹ lè rí ohun tí káàdì mẹ́ta kò sọ fún yín.

Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́ láti tọ́ àwọn ọmọ wa yanjú. Títí di oṣù tó ń bọ̀, ẹ bá wa kí àwọn ọmọ.